Mò ń lọ kí àwọn àna mi ní Cavite ní Kérésìmesì: ẹ gbà mí nímọ̀ràn nípa àwọn ará Philippines

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Leicester (oṣù Kọkànlá 2025)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Leicester. Níbi iṣẹ́ ni mo ti pàdé àfẹ́sọ́nà mi, nọ́ọ̀sì bíi tèmi, ọmọ ìlú Kawit ní ìpínlẹ̀ Cavite, lórílẹ̀-èdè Philippines. Ní oṣù Kejìlá la máa lọ sílé wọn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la máa lò. Mi ò tíì fojú kan bàbá àti ìyá rẹ̀ rí àfi lórí fóònù. Ìyá àgbà tó bí ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé, ẹni ọdún 84.

Àfẹ́sọ́nà mi ti fi mí sínú ẹgbẹ́ Messenger ẹbí wọn, ènìyàn 47 ló wà níbẹ̀. Àdúrà òwúrọ̀, àwòrán oúnjẹ, fídíò ọmọdé tó ń jó. Kí n tó ṣẹ́jú pẹ́ẹ́, ìjà ti bẹ́ sílẹ̀ lórí Duterte, ààrẹ wọn àtijọ́. Àbúrò bàbá rẹ̀ kan àti ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ kan ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Mi ò fẹ́ ṣi ẹsẹ̀ gbé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé ibẹ̀, tàbí tẹ́ ẹ ń bá wọn ṣiṣẹ́, báwo ni mo ṣe máa kí wọn? Kí ni mo máa gbé dání? Ọ̀rọ̀ wo ni mi ò gbọ́dọ̀ dá sí?

Ìyá Ìbejì, Quezon City

Àbúrò mi, o kú oríire. Ọdún 11 rèé tí mo ti ń gbé níbí, ọmọ ibí ni ọkọ mi. Má fòyà rárá. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bá kọ́ dáadáa nílé ti mọ púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n máa retí lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n ní ọ̀rọ̀ kékeré kan, "po". Iṣẹ́ tí "ẹ" ń ṣe fún wa ló ń ṣe fún wọn. "Salamat" ni o ṣeun, "salamat po" ni ẹ ṣeun. Bí àgbà bá bi ọ́ ní nǹkan, má dáhùn pẹ̀lú "oo" (bẹ́ẹ̀ ni) lásán, "opo" ni kí o wí. Bí o bá dé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà, sọ pé "mano po". Yóò na ọwọ́ sí ọ. Ìwọ tẹrí ba, kí o fi ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ kan iwájú orí rẹ. Ìdọ̀bálẹ̀ tiwọn nìyẹn, wọ́n sì ń fojú sọ́nà láti rí i bóyá àlejò máa ṣe é. Wọn kì í pe ẹni tó jù wọ́n lọ lórúkọ lásán. Kuya ni ẹ̀gbọ́n ọkùnrin, Ate ni ẹ̀gbọ́n obìnrin. Tito àti Tita ni àwọn ẹgbẹ́ òbí ẹni. Lolo ni bàbá àgbà, Lola ni ìyá àgbà. Awakọ̀ tí o kò mọ̀ rí pàápàá, Kuya ni.

O máa gbọ́ "kain tayo" títí. Ẹnikẹ́ni tó bá ń jẹun tí ìwọ ń kọjá lọ, yóò sọ ọ́, bí àwa náà ṣe ń sọ pé ẹ wá bá wa jẹun. Lójú ọ̀nà, dúpẹ́, sọ pé o ti yó. Nílé àna, jókòó kí o jẹ. Ìrẹsì ni láàárọ̀, ìrẹsì ni lọ́sàn-án, ìrẹsì ni lálẹ́. Adobo, ẹran tí wọ́n fi fínígà, áyù àti ewé laurel sè, kò ní ṣe àjèjì sí ọ. Sinigang ni ọbẹ̀ tó kan, àjàgbọn ni wọ́n sábà fi ń sè é. Ṣíbí ló ń wà lọ́wọ́ ọ̀tún, fọ́ọ̀kì lọ́wọ́ òsì. Bí wọ́n bá tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sórí tábìlì tí wọ́n da oúnjẹ sí i, ọwọ́ ni wọ́n fẹ́ fi jẹ ẹ́. Fọ ọwọ́ rẹ, kí o jẹun bí ọmọ Ìjẹ̀bú, inú wọn á dùn.

Nípa ẹrù: "pasalubong". Ẹni tó ti ìrìnàjò dé kì í wọlé lọ́wọ́ òfìfo. Ṣokoléètì ni wọ́n ń retí láti òkè òkun. Má mú ńlá kan fún gbogbo ilé. Mú kéékèèké púpọ̀, kí ọmọdé kọ̀ọ̀kan lè rí tirẹ̀. Bẹ àfẹ́sọ́nà rẹ kó kọ orúkọ gbogbo wọn sílẹ̀ fún ọ, àti ọmọ aládùúgbò. Ẹni tí o bá gbàgbé kò ní bínú sí ọ lójú, yóò kàn dákẹ́. "Tampo" ni wọ́n ń pe ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn, ó sì le ju ariwo lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ ní Manila

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìmúra. Tèmi kò pọ̀, ti ojú títì ni.

Jeepney ni dánfó wọn. Lára àwọn jeep tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà fi sílẹ̀ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é. Kò sí kọ̀ńdọ́ nínú púpọ̀ nínú wọn. Ẹ máa na owó sí ẹni tó jókòó tì yín, ẹ ní "bayad po", yóò fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ títí á fi dé ọ̀dọ̀ awakọ̀, ṣéńjì yín á sì gba ọ̀nà kan náà padà. Ní ọdún méjì tí mo ti ń wọ̀ ọ́, owó mi kò sọnù lẹ́ẹ̀kan. Tí ẹ bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, "para po". Láti oṣù Kẹwàá 2023 títí di 2025, peso 13 ni owó ọkọ̀ tó kéré jù, nítorí náà ẹ má na peso 1,000 sí wọn láàárọ̀ kùtù.

Jeepney yẹn gan-an jẹ́ ọ̀rọ̀ òṣèlú. Láti 2017 ni ìjọba ti ń fẹ́ fi bọ́ọ̀sì tuntun rọ́pò wọn. Owó ọkọ̀ tuntun ju agbára awakọ̀ lọ, wọ́n ti da iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Bí ẹ bá wá ọ̀rọ̀ láti bá awakọ̀ sọ, ẹ bi í nípa ìyẹn.

Reluwé LRT-1 ti gùn dé Dr. Santos ní Parañaque láti oṣù Kọkànlá 2024, kò tíì wọ Cavite. Láti pápákọ̀ òfurufú, ẹ gba Grab, ọkọ̀ tí wọ́n ń fi fóònù pè. Kí ẹ tó wọ ọkọ̀ òfurufú, ẹ forúkọ sílẹ̀ lórí eTravel, ojúlé ìjọba fún àwọn tó ń wọ̀lú, ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá ní kí ẹ sanwó fún un, olè ni. GCash, owó orí fóònù, ni wọ́n fi ń sanwó káàkiri, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù kékeré iwájú ilé, sari-sari, owó wẹ́wẹ́ ló mọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ta ọṣẹ ìfọrun ọ̀rá kan, sìgá ẹyọ kan, òróró ife kan, bíi ti àwọn ìyá wa tó ń tajà níwájú ilé. Àwọn ará àdúgbò ń ra àwìn níbẹ̀. Ẹ dé ibẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ ní "pabili po" (mo fẹ́ ra nǹkan), láàárín ọjọ́ mẹ́ta gbogbo àdúgbò á ti mọ orúkọ yín.

Ẹnjiníà Ọkọ̀ Ojú Omi

Ọmọ mi, mo ti bá àwọn ọmọ Philippines ṣiṣẹ́ lórí òkun fún ọdún 19. Èmi kò gbé ìlú wọn, àmọ́ a jọ sùn, a jọ jí. Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ fún ọ, òun ló sì ṣe pàtàkì jù fún ẹni tó fẹ́ fẹ́ ọmọ wọn.

"Utang na loob" ni wọ́n ń pè é, gbèsè inú. Oore tí wọ́n ṣe fún ọ kì í tán láé. Ẹni tó san owó ilé ìwé rẹ, ẹni tó bá ọ wá iṣẹ́, o jẹ ẹ́ ní gbèsè títí ayé, kì í ṣe owó nìkan ni o ó fi san án. Ọ̀rẹ́ mi kan láti Iloilo rán àbúrò mẹ́rin lọ sí yunifásítì. Ọdún méjìlá ni ó fi ń sọ fún mi pé ọdún tó ń bọ̀ lòun máa kọ́ ilé tòun. Mi ò gbọ́ kó ráhùn rí. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ṣáá, ó sunkún.

Owó tí àwọn tó wà lókè òkun fi ránṣẹ́ sílé gba báǹkì ní 2024 lé ní bílíọ̀nù 34 dọ́là. Ìjọba ń pè wọ́n ní "bagong bayani", akọni tuntun. Àfẹ́sọ́nà rẹ wà lára wọn. Kí ẹ tó ṣègbéyàwó, ẹ jókòó, kí ẹ̀yin méjèèjì kọ ọ́ sílẹ̀: ta ló ń gbọ́ bùkátà ta ni, èló, títí di ìgbà wo. Má ṣe béèrè bí ẹni ń bínú. Ìwọ náà ní ẹbí ní Ìjẹ̀bú, àfi kí ẹ kó ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sórí tábìlì.

Akẹ́kọ̀ọ́ ní Manila

Ẹnjiníà, òótọ́ lẹ sọ sà, ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ mi níbí ti ń kọ̀ ọ́. Ẹ rántí Carlos Yulo, eléré ìdárayá wọn tó gba góòlù méjì ní Olympics Paris ní 2024. Kí ayọ̀ tó rọlẹ̀, aáwọ̀ òun àti ìyá rẹ̀ ti bọ́ sí gbangba, ọ̀rọ̀ owó wà nínú rẹ̀. Orí ayélujára wọn pín sí méjì. Àwọn kan ní ọmọ tí kò bọ̀wọ̀ fún ìyá, kí ló fẹ́ fi góòlù ṣe? Àwọn ọ̀dọ́ ní òógùn ojú ọmọ kì í ṣe dúkìá òbí. Nínú kíláàsì wa, a jà títí olùkọ́ fi dá sí i. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ Yulo nìkan la ń jà lé lórí, olúkúlùkù ń ro ilé tirẹ̀.

Olùkọ́ ní Davao

Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sórí ọ̀rọ̀ òṣèlú, nítorí òun ló ń tú ẹbí ká.

Ìlú tí mò ń gbé, Rodrigo Duterte ló ṣe olórí ìlú níbẹ̀ fún ohun tó lé ní ogún ọdún kó tó di ààrẹ ní 2016. Àwọn aládùúgbò mi fẹ́ràn rẹ̀ dénú. Wọ́n ní òun ló jẹ́ kí àwọn máa rìn lálẹ́ láìbẹ̀rù. Ní Manila, mo mọ ìyá kan tí wọ́n yìnbọn pa ọmọ rẹ̀ nígbà ogun oògùn olóró. Àkọsílẹ̀ ìjọba fúnra rẹ̀ ní ó lé ní 6,000 ènìyàn tó kú lọ́wọ́ ọlọ́pàá nínú ogun yẹn. Àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn ní iye náà ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta 2025, wọ́n mú un ní pápákọ̀ òfurufú Manila, wọ́n gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ ọ̀daràn àgbáyé ní Hague. Ìyá yẹn sọ fún mi pé òun sùn dáadáa ní alẹ́ ọjọ́ náà. Aládùúgbò mi sunkún bí ẹni tí bàbá rẹ̀ kú. Èmi bá àwọn méjèèjì jẹun.

Nínú ìbò 2022, Ferdinand Marcos Ọmọ àti Sara, ọmọ Duterte, jọ díje pọ̀ ni fún ipò ààrẹ àti igbákejì, wọ́n sì wọlé. Ó lé ní mílíọ̀nù 31 ènìyàn tó dìbò fún Marcos. Lẹ́yìn náà ni àárín wọn dàrú. Ilé aṣojú-ṣòfin fi ẹ̀sùn ìyọnípò kan Sara ní oṣù Kejì 2025, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sì wọ́gi lé ẹ̀sùn náà ní oṣù Keje. Nítorí náà, àwọn tí wọ́n jọ dìbò gan-an ti di ọ̀tá. Àwọn ọmọlẹ́yìn Leni Robredo, tó bá Marcos du ipò ààrẹ nínú ìbò yẹn, wà lọ́tọ̀, àwọ̀ píńkì ni àmì wọn. DDS ni wọ́n ń pe ti Duterte, Kakampink ni wọ́n ń pe ti Robredo. Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí nínú ẹgbẹ́ Messenger yẹn, ẹ mọ̀ pé èébú ló ń bọ̀.

Ìmọ̀ràn mi: ẹ má sọ ìdí tí Duterte fi burú fún ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀, ẹ má sì sọ ìdí tó fi dára fún ẹni tó sin òkú. Ẹ bi wọ́n bí ìgbésí ayé wọn ṣe rí nígbà náà, kí ẹ gbọ́ ọ dópin.

Ìyá Ìbejì, Quezon City

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹnu wọn kò fi bẹ́ẹ̀ pín lé lórí báyìí: owó omíyalé. Ní ọjọ́ 28 oṣù Keje ọdún yìí, ààrẹ dìde níwájú àwọn aṣòfin, ó ní "mahiya naman kayo", kí ojú tì yín. Ó ń bá àwọn tó jẹ owó iṣẹ́ ìdènà omíyalé wí. Lẹ́yìn náà la wá mọ̀ pé odò tí wọ́n ní àwọn ti mọ odi sí ní Bulacan, orí ìwé nìkan ni odi ọ̀hún wà. Àwọn ọ̀dọ́ lọ tú àwòrán àwọn ọmọ kọngilá àti ọmọ olóṣèlú jáde, pẹ̀lú báàgì olówó iyebíye àti ọkọ̀ wọn, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fídíò àwọn tó ń wọ́dò lọ síléèwé. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án, a tú síta ní pápá Luneta àti òpópónà EDSA ní Manila. Ọjọ́ yẹn kan náà ló wà lórí ìwé tí Marcos bàbá fi kéde òfin ológun ní 1972. Mo mú àwọn ìbejì mi lọ. EDSA ni wọ́n ti fi ìrìn ẹsẹ̀ àti àdúrà lé bàbá Marcos kúrò ní 1986, mo fẹ́ kí àwọn ọmọ mi fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀.

Ní ti orí ayélujára, Facebook ni gbogbo nǹkan fún púpọ̀ nínú wọn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń lò ó lọ́fẹ̀ẹ́ láìra dátà, bí ẹni tí kò lówó sì bá rí àkọlé ìròyìn, kò lè ṣí i láti kà á tán. Irọ́ ráyè níbẹ̀. Maria Ressa, oníròyìn tó gba ẹ̀bùn Nobel ti àlàáfíà ní 2021, ń pariwo rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ìwọ má fi ohunkóhun nípa òṣèlú ránṣẹ́ síwájú nínú ẹgbẹ́ ẹbí yẹn. Ṣùgbọ́n má dákẹ́ pátápátá o! Bí o bá ń kà tí o kò fèsì, wọ́n ń rí i, wọ́n á ní o ń gbéraga. Fi ọkàn pupa sí àdúrà òwúrọ̀, kí ẹni tó ń ṣọjọ́ ìbí. Àwọn Tita tó ń ṣe òfófó, "marites" ni wọ́n ń pè wọ́n, ti mọ gbogbo nǹkan nípa rẹ kí o tó dé.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Leicester

Mo dúpẹ́ gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ àwọn ọmọdé, ó ti pé 22. Ìbéèrè kan tó ń jẹ mí lọ́kàn: àwọ̀ mi. Dúdú ni mí dáadáa. Ẹ sọ òótọ́ fún mi.

Ìyá Ìbejì, Quezon City

Òótọ́ rèé. Wọ́n máa wò ọ́. Àwọn ọmọdé máa fọwọ́ kan irun rẹ. Àgbàlagbà kan lè sọ pé o rẹwà "bó tilẹ̀ jẹ́ pé" o dúdú, kò sì ní mọ̀ pé ọgbẹ́ lòun dá sí ọ lára. Ọṣẹ tó ń bóra kún orí àtẹ ṣọ́ọ̀bù wọn, wọ́n ń polówó rẹ̀ ní gbangba, bí ó ṣe pọ̀ lọ́jà tiwa náà. Ọmọ tiwọn tó bá dúdú ń jẹ ìyà rẹ̀ láti kékeré. Ó dùn mí gidi ní ọdún méjì àkọ́kọ́. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni pé ọkọ mi kì í dákẹ́ bí ó bá ṣẹlẹ̀. Bá àfẹ́sọ́nà rẹ sọ ọ́ nísinsìnyí: òun ni kó fèsì fún àwọn ènìyàn rẹ̀, kì í ṣe ìwọ.

Olùkọ́ ní Davao

Mo fọwọ́ sí i. Kí n fi ti Kérésìmesì kún un. Láti oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n ti ń kọrin rẹ̀. Láti ọjọ́ 16 sí 24 oṣù Kejìlá, ìsìn òwúrọ̀ kùtù mẹ́sàn-án ni wọ́n ń ṣe, Simbang Gabi. Ẹ bá ìyá àgbà lọ lẹ́ẹ̀kan ó kéré tán, kí ẹ jẹ bibingka, àkàrà ìrẹsì, gbígbóná níta ṣọ́ọ̀ṣì. Noche Buena ni oúnjẹ ọ̀gànjọ́ òru ọjọ́ 24. Lọ́dún yìí, aláṣẹ ìjọba kan ní peso 500 tó fún oúnjẹ náà, inú sì bí gbogbo ìlú. Owó iṣẹ́ ojúmọ́ tó kéré jù ní Manila ní 2025, peso 695 ni. Àwọn tó rántí bí àlùbọ́sà ṣe wọ́n ju ẹran lọ níbẹ̀rẹ̀ 2023 kò rí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bí ohun àmúrẹ́rìn-ín. Ẹ fi owó sílẹ̀ fún oúnjẹ yẹn, ẹ fi í lé àfẹ́sọ́nà yín lọ́wọ́ kó fún ìyá rẹ̀ ní kọ̀rọ̀.

Ẹ sì se nǹkan kan. Ṣé ẹ mọ "ube" wọn, iṣu elésè àlùkò tí wọ́n fi ń ṣe àkàrà òyìnbó àti yìnyín dídì? Ewùrà ni. Ewùrà gidi tí à ń jẹ, àwọ̀ rẹ̀ ló yàtọ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni yín, mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Leicester (oṣù Kìíní 2026)

A ti dé, ara wa le. Mo ní kí n wá jíṣẹ́.

Mano ni mo kọ́kọ́ ṣe fún Lola. Nígbà tó gbọ́ pé àwa ń dọ̀bálẹ̀, ó ní kí n ṣe tiwa náà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí táìsì. Ó di ọwọ́ mi mú, kò sì fi í sílẹ̀ títí wọ́n fi gbé oúnjẹ wá. Tita kan sọ ti àwọ̀ mi lọ́jọ́ kejì. Àfẹ́sọ́nà mi fèsì, kò sì pariwo. Obìnrin náà bẹ̀ mí kó tó lọ. Ṣokoléètì kù díẹ̀ kó má tó, ọmọ mẹ́ta láti ilé kejì dé láìròtẹ́lẹ̀. A ti jókòó lórí ọ̀rọ̀ owó gẹ́gẹ́ bí Ẹnjiníà ṣe wí. Alẹ́ méjì ló gbà wá. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ṣì ku ọdún méjì ní yunifásítì, àwa méjèèjì la máa jọ san án.

Lálẹ́ ọjọ́ 24, mo se ìkọ́kọrẹ́. Epo pupa àti edé gbígbẹ ni mo gbé láti Leicester, mo fi tinapa, ẹja yíyan tiwọn, dípò ẹja tiwa. Mo rin ube, mo ṣù ú sínú omi ọbẹ̀. Àwọ̀ tó jáde, mi ò rí irú rẹ̀ rí, elésè àlùkò pẹ̀lú òróró pupa lójú rẹ̀. Àwọn ọmọdé ò fẹ́ fẹnu kàn án, adùn bí ṣúgà ni wọ́n mọ ube mọ́. Àbúrò bàbá rẹ̀, ẹni ti Duterte yẹn, bu ẹ̀ẹ̀kejì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tí kò bá a sọ̀rọ̀ láti 2022 jókòó sí òdìkejì tábìlì. Wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní alẹ́ yẹn náà. Àmọ́ nígbà tí ìkòkò dé ìsàlẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá yẹn rí i pé àbúrò bàbá ń wo ibẹ̀, ó sì ti abọ́ náà sí i.